Ẹ ka lẹ́tà tán, kò túmọ̀ sí pé ojú dá ṣáṣá

Ìyá kan kọ̀wé láti Abẹ́òkúta. Dókítà ojú ní ó ní glaucoma, bẹ́ẹ̀ ó ka pátákó lẹ́tà dé ìlà tó kéré jù láìṣì ọ̀kan. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò ju pé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ibi tí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì parí sí. Ó bi wá pé: ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ òun?

Ìyá wa, pátákó yẹn kò purọ́, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè. Láti ọdún 1862 tí Herman Snellen, dókítà ojú ní Utrecht ní Netherlands, ti gbé irú rẹ̀ jáde, lẹ́tà dúdú lórí funfun báláú ni. Bí ohun tí ojú ń rí ṣe kéré tó ló ń wọ̀n. Ta ló wá fi dúdú lórí funfun kun ayé? Àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì, eérú lórí eérú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fùfú nínú abọ́ funfun, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú nínú ọyẹ́, àti ojú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan okùn tín-ín-rín ló ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yìn ojú lọ sí ọpọlọ, àwọn ni glaucoma ń pa díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé omi inú ojú ń tì wọ́n jù. Bí ìránṣẹ́ bá kù díẹ̀, iṣẹ́ tí a fi ariwo rán ṣì lè dé. Èyí tí a rán ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọnù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé pátákó mìíràn jáde lọ́dún 1988, Pelli-Robson: gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tóbi bákan náà, àmọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣí, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá funfun ẹ̀yìn wọn dọ́gba.

Ẹnì kan lè ní kàtáráàtì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, nítorí náà pátákó yìí nìkan kò tó láti fi dájọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ wo orí iṣan ojú fúnra rẹ̀, ìyẹn ibi tí àwọn okùn yẹn ti kó jọ, kó wọn agbára omi inú ojú, kó sì dán ìríran ẹ̀gbẹ́ wò. Agbára omi yẹn pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó pé: àwọn kan wà tí tiwọn kò ga rárá tí iṣan náà sì ń kú. Ní ti owó, mi ò ní bá yín jà lórí ìfura yín. Oògùn glaucoma tí wọ́n ń kán sójú wọ́n, títí ayé sì ni. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pa á tì ni pé wọ́n ń kán an, ojú kò sì mọ́lẹ̀ sí i. Kò lè mọ́lẹ̀ sí i: okùn tó ti kú kì í jí, èyí tó kù ni oògùn ń ṣọ́. Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ogójì ọdún ló ní glaucoma, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì mọ̀.

Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun tàbí yẹ́lò kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so gílóòbù síbẹ̀, kí ẹ sì máa bu fùfú sínú abọ́ dúdú. Bí ẹ bá ní ikọ́ fée, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn kíkán tí wọ́n ń pè ní timolol fún yín, torí ó lè há yín léèmí. Àwọn ọmọ ìyá yín náà, ẹ rán wọn lọ yẹ ojú wò, kí wọ́n sì ní kí wọ́n wo orí iṣan ojú àwọn, bí àwọn tiẹ̀ ka lẹ́tà tán.