Ṣé nọ́ńbà kan lè wọn iṣẹ́ oníṣègùn ọpọlọ?

Nígbà tí mo mẹ́nu ba Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ní sẹminá wa, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "h-index bàbá yẹn ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀, ó sì ká mi lára. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bèèrè.

Tí olùṣèwádìí kan bá tọ́ka sí pépà yín nínú tirẹ̀, ìtọ́kasí kan nìyẹn. Lọ́dún 2005 ni Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California, San Diego, dábàá h-index. Ẹ to pépà ẹnì kan láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù. Ká ní wọ́n jẹ́ 50, 18, 7, 4 àti 2. Pépà kẹrin ní ìtọ́kasí 4, ó pé. Ìkarùn-ún ní 2, kò tó 5. Torí náà, h rẹ̀ jẹ́ 4.

Ẹ wò ó o: bí 50 yẹn bá di 5,000 lọ́la, orí 4 náà ni h máa wà. Èèyàn sì tún lè máa tọ́ka sí ara rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: nínú ìtọ́kasí 3 tí pépà mi ní, èmi fúnra mi ni mo ṣe 2.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Lambo. Lọ́dún 1954, ní Arò, Abẹ́òkúta, ó ní kí aláìsàn wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí wọ́n máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń gbàtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1963, òun, Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwé jáde lórí àìsàn ọpọlọ láàárín Yorùbá. Bó ti wù kí ìtọ́kasí ìwé kan pọ̀ tó, kò lè fi ju 1 lọ kún h ẹni tó kọ ọ́. Aláìsàn tó sì sùn nítòsí ìyá rẹ̀ ní Arò, tí ara rẹ̀ yá, kì í kọ pépà.

Mi ò ní ká da h-index nù. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ rẹ̀: oníṣègùn ọpọlọ sí oníṣègùn ọpọlọ, ọjọ́ orí iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí mo máa sọ fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.