Ọmọ Kékeré àti Ooru Ẹ̀ẹ̀rùn Lóde Ìnáwó

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, láàárín oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ni ooru máa ń mú jù ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbéyàwó àti ìkómọ kì í sì dúró de òjò. Kò burú bí a bá gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kékeré tètè ń gbóná ju ti àgbàlagbà lọ, omi ara rẹ̀ tètè ń gbẹ, kò sì lè fi ẹnu sọ ohun tí ń ṣe é.

Ìyá ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Àwọn àgbà yóò máa wí pé, "Fún ọmọ lómi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà. Bí a bá pín omi ọyàn sí ọ̀nà 100, ó ju 80 lọ tí ó jẹ́ omi. Omi lásán lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọ, ó sì ń gba ààyè ọyàn ní inú rẹ̀. Ẹ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ẹ̀yin fúnra yín sì máa mu omi dáadáa. Bí ọmọ bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ gbé omi tí ẹ ti sè, tí ó sì ti tutù, dání láti ilé, kí ẹ máa fún un kí ó tó béèrè.

Aṣọ ẹbí wù wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n léèsì tí ó nípọn kò yẹ ọmọ ọwọ́ nínú oòrùn ọ̀sán. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ fún un. Ẹ má ṣe da aṣọ bo orí rẹ̀ bí ó bá wà lẹ́yìn yín. Ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ ibòji kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ tí ó sùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bí ẹ tilẹ̀ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí inú ọkọ̀ náà gbóná bí ààrò, ọmọ sì lè kú síbẹ̀.

Ìrẹsì tí wọ́n ti bù sílẹ̀ láti àárọ̀ kì í ṣe oúnjẹ ọmọ. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ po ORS bí a ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú omi mímọ́ ike 50cl méjì, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí ṣíbí má ṣe kún kọjá etí rẹ̀. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì ṣe dá ọmú dúró. Ẹ béèrè oògùn zinc ní ilé ìwòsàn, kí ọmọ lò ó fún ọjọ́ 10 sí 14.

Bí ojú ọmọ bá jìn, tí ó ń sunkún láìsí omijé, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan tí kò ṣeé jí, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ìtọ̀ màlúù. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi rẹ ara rẹ̀, kí ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wá ọkọ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ náà títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.