Kí Ẹ Tó Tẹ Sudo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní agbègbè Tchaourou, láti Tchatchou títí dé Alafiarou, iṣẹ́ kan wà tí àwọn èèyàn ò ní yé gbé wá bá yín: ẹni tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, olùkọ́, onílé oúnjẹ, kálukú fẹ́ kó fídíò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí gbogbo fóònù inú ọgbà máa wò ó lórí Wi-Fi láìjẹ mẹ́gà. Jellyfin ni kí ẹ fi ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì lọ, kò dí i lọ́wọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ló yà kúrò lára Emby, nígbà tí àwọn tó ni Emby ti kóòdù wọn pa mọ́ aráyé.

Láti fi Jellyfin sórí Debian àti Ubuntu, ìlà kan ṣoṣo tó wà kiri ni pé kí curl fa skríìptì wá, kó sì jù ú sẹ́nu bash pẹ̀lú sudo. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó tẹ sudo ti fa kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé àlejò lọ́wọ́. Ó yẹ kó ti wo ojú àlejò náà ná. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já láàárín, bash lè ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ kó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ fa install-debuntu.sh sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ fi sha256sum rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá fi less kà á. Kò le: ó ń wo irú Linux tí ẹ ń lò, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ibi ìkópamọ́ Jellyfin sí i, ó ń fi Jellyfin fúnra rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń tan án.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni dísìkì. Oníbàárà yóò ki dísìkì alágbèéká rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀yin ń rí fídíò, Jellyfin ò rí nǹkan kan. Inú /media, lábẹ́ orúkọ yín, ni Linux gbé e sí, ẹ̀yin nìkan ló sì fún láyè, bẹ́ẹ̀ orúkọ jellyfin ni Jellyfin fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ «sudo -u jellyfin ls», kí ẹ fi ọ̀nà fódà náà tì í. Bó bá dáhùn «Permission denied», ẹ ti mú olè. Ẹ fi UUID dísìkì náà sínú /etc/fstab, ẹ gbé e sí /srv/fidio, ẹ má gbàgbé nofail, torí láìsí i, lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá yọ dísìkì, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti dìde.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tí a ń rà ní Parakou kì í lágbára láti máa yí fídíò H.265 padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ffmpeg sọ fídíò di H.264 àti AAC lóru, kí fóònù gbà á bó ṣe wà. Fíìmù onífíìmù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé tirẹ̀ ni kó kó síbẹ̀. Ẹ má sì ṣí 8096, ojú ọ̀nà tí Jellyfin ń lò, sí gbogbo ayé.

Kí ẹ tó gbowó, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ ká ọwọ́ kò. Bí fídíò ò bá jáde lórí fóònù oníbàárà, iṣẹ́ ò tíì tán.