Gbígbé Fáìlì àti Yíyí Orúkọ Rẹ̀ Padà: Ìṣòro Èdè-Ìperí Nínú Àṣẹ mv

1. Ìfáárà

Nínú Unix, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1969, àṣẹ kan ṣoṣo ni ó ń gbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn, òun náà ni ó sì ń yí orúkọ fáìlì padà. Àṣẹ náà ni mv. Ó ti wà nínú ìwé ìlànà Unix àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 1971, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí ó lè kọ́kọ́ sọ sí ògbufọ̀ lọ́kàn fún un ni gbé. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé gbé nìkan kò kájú iṣẹ́ náà, àti pé àṣìyàn ọ̀rọ̀ níhìn-ín lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

2. Ohun tí àṣẹ náà ń ṣe

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ kan ti rí kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Nínú Unix, orúkọ fáìlì kò sí lára fáìlì. Fáìlì ní nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Inú àpò fáìlì ni orúkọ wà, pẹ̀lú nọ́ńbà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ ilé-ìwé ti í wà nínú rẹ́jísítà. Bí olùkọ́ bá pa orúkọ ọmọ kan rẹ́ nínú rẹ́jísítà kíláàsì kan, tí ó sì kọ ọ́ sínú ti kíláàsì mìíràn, ọmọ náà kò yí padà. Bí ó bá sì kọ orúkọ mìíràn fún un nínú rẹ́jísítà kan náà, ọmọ náà ṣì ni. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì lójú Unix: a pa ìlà kan rẹ́, a kọ òmíràn. Ìdí nìyí tí àṣẹ kan fi tó.

Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni bí ibi tuntun náà bá wà lórí dísìkì mìíràn. Nígbà náà, ẹ̀rọ yóò ṣe àdàkọ fáìlì síbẹ̀, yóò sì pa ti ìṣáájú rẹ́.

Ìṣòro yìí kò bá ẹni tí ń ṣe ògbufọ̀ ìwé MS-DOS. Níbẹ̀, àṣẹ REN tí ń yí orúkọ padà wà láti 1981, àṣẹ MOVE tí ń gbé fáìlì kò sì dé títí di ẹ̀dà 6.0 ní 1993. Àṣẹ méjì ni, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò sì gbà.

3. Gbólóhùn kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Kí a gbà pé ewi jẹ́ fáìlì, kí ẹnìkan sì tẹ àṣẹ yìí:

mv ewi akojo

(a) Bí kò bá sí ohun tí ń jẹ́ akojo, ẹ̀rọ yóò yí orúkọ ewi padà sí akojo.
(b) Bí akojo bá jẹ́ àpò fáìlì, ẹ̀rọ yóò gbé ewi sínú rẹ̀, orúkọ ewi kò sì ní í yí padà.
(d) Bí akojo bá jẹ́ fáìlì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ yóò fi ewi rọ́pò rẹ̀.

Nínú (d) ni ewu wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, mv kì í béèrè kí ó tó ṣe é. Ohun tí ó wà nínú akojo tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì sí nínú àpótí ìdọ̀tí tí a ti lè ṣà á padà. Bí ìwé ẹ̀kọ́ bá wí pé "mv ń gbé fáìlì", akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í fura, nítorí pé ẹrù tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù mìíràn kì í pa á run. Nítorí náà, mv -i ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi kọ́ni, nítorí pé i yìí ni yóò mú kí ẹ̀rọ béèrè kí ó tó fi fáìlì kan rọ́pò òmíràn.

4. Yíyan ọ̀rọ̀

Gbé bá (b) mu nìkan. Àǹfààní kan wà lára rẹ̀ ṣá: Yorùbá a máa ya gbé sọ́tọ̀ sí kó. Ẹrù kan ni à ń gbé. Bí ó bá pọ̀, kíkó ni. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún mv ewi orin aro akojo, níbi tí fáìlì ti ju ẹyọ kan lọ. Níbẹ̀, dandan ni kí akojo jẹ́ àpò fáìlì tí ó ti wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ yóò kọ̀. Kó ni ó yẹ gbólóhùn náà.

Yí orúkọ padà bá (a) mu nìkan. Sọ di kò yẹ rárá, nítorí pé "sọ ewi di akojo" lè mú kí òǹkàwé rò pé ohun tí ó wà nínú fáìlì ni ó yí padà.

Ṣí nípò padà ni ó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ipò lè jẹ́ ibi tí nǹkan wà, ó sì lè jẹ́ oyè tí a fi ń pe ènìyàn. Ẹni tí ó kó lọ sí ìlú mìíràn ti kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ oyè tuntun náà ti kúrò ní ipò rẹ̀. Síbẹ̀ ènìyàn kan náà ni wọ́n. Bí ó ti rí pẹ̀lú fáìlì gan-an nìyí.

5. Ìkádìí

Ìṣípòpadà ni ó yẹ kí a fi pe àṣẹ náà lápapọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àṣẹ kò tó fún àlàyé. Nínú ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ máa lo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ mu.

Ìṣípòpadà: iṣẹ́ mv lápapọ̀.
Ìyí-orúkọ-padà: fífún fáìlì tàbí àpò fáìlì ní orúkọ tuntun.
Ìgbésínú: fífi ẹyọ kan sínú àpò fáìlì mìíràn.
Ìkósínú: fífi ọ̀pọ̀ sínú àpò fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà.
Ìfirọ́pò: fífi fáìlì kan gba ipò òmíràn, tí ti ìṣáájú sì parẹ́.