Ṣé Orúkọ Ìkànnì Yìí Ṣì Ń Tọ́ka sí Sáfà Wa?

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá kan ẹni tí ó ń tọ́jú sáfà kan fún ìkànnì púpọ̀, irú èyí tí èmi ń tọ́jú fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké mélòó kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn mìíràn a máa kó orúkọ ìkànnì wọn lọ sí ibòmíràn láìdágbére, ẹrù wọn a sì wà lọ́rùn wa síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í fi orúkọ wá ara wọn. Nọ́ńbà àdírẹ́sì ni wọ́n ń lò. Ètò DNS, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, ni ó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní. Ìbéèrè wa kò ju èyí lọ: nọ́ńbà tí DNS sọ, ṣé tiwa ni?

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo orúkọ tí ó wà lórí sáfà jọ. Bí Apache ni ẹ ń lò, ẹ wo ìlà ServerName àti ServerAlias. Bí ó bá jẹ́ Nginx, ẹ wo server_name. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àṣẹ yìí:

dig +short example.com A

Bí sáfà yín bá ń jẹ́ 192.0.2.10, tí ìdáhùn sì bá a mu, kò sí ìyọnu. Ẹ tún béèrè AAAA, èyí tí í ṣe ti IPv6, kí ẹ sì béèrè ti www lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára dájọ́ bí nọ́ńbà bá yàtọ̀. Ẹlòmíràn ti fi Cloudflare ṣe asọ́nà síwájú ìkànnì rẹ̀: nọ́ńbà Cloudflare ni ẹ ó rí, bẹ́ẹ̀ sáfà yín ni ó ṣì ń dáhùn lẹ́yìn. Ìdánwò tí mo fọkàn tán jù nìyí: ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sínú fáìlì tuntun, ẹ fi í sínú ìkànnì náà, kí ẹ sì fi curl béèrè rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìkànnì. Bí ọ̀rọ̀ yín bá padà wá, ọ̀dọ̀ yín ni ó ti wá.

Èéṣe tí a fi ń ṣe wàhálà yìí? Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ààbò lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ní láti máa sọ ọ́ dọ̀tun. Bí orúkọ mẹ́wàá bá wà nínú ìwé ẹ̀rí kan, tí ọ̀kan kò sì tọ́ka sí wa mọ́, ìsọdọ̀tun lè kùnà fún gbogbo wọn. Mẹ́sàn-án tí kò ṣẹ̀ ni yóò máa dẹ́rù ba àlejò wọn!

Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ béèrè MX pẹ̀lú, nítorí ìkànnì lè ti lọ kí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì máa wọlé sí sáfà yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì pamọ́, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ni orúkọ náà, kí ẹ sì dúró de èsì rẹ̀.