Bí Kò Bá Nídìí, Iná Bíréèkì Kì Í Tàn

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Iná pupa róbótó tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀, náà nídìí. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń wa Corolla tàbí Camry Big Daddy tó ti gbó ti bá irú iná bẹ́ẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́. Ti ẹ́ńjìnì ń tàn, ti epo ń tàn, ti bíréèkì náà dara pọ̀ mọ́ wọn, a ò sì wo ọ̀kankan mọ́. Àwọn yòókù sábà máa ń lè mú sùúrù díẹ̀. Ti bíréèkì kò ní sùúrù yẹn.

Ẹ má tíì pe mẹkáníìkì. Ẹ kọ́kọ́ wo háńbíréèkì, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná kan náà ló ń jíṣẹ́ fún méjèèjì. Ẹ fà á sókè, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ délẹ̀. Bí iná bá ń kú tó tún ń tàn bí ẹ ṣe ń mi ọwọ́ rẹ̀, swíìṣì kékeré ìdí rẹ̀ ló ti gbó. Iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn, kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú yín. Ọ̀dọ̀ rìwáyà náà ni kí ẹ lọ bí iná bátìrì bá bá a tàn pọ̀: nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, alternator tí kò ṣáàjì dáadáa mọ́ máa ń tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ike kékeré tí óìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀ ni ẹ ń wá. Wọ́n kọ MAX àti MIN sí i lára, ẹ ó sì rí ibi tí óìlì dé láìṣí ìdérí. Bó bá jẹ́ pé orí kọ́nà tàbí òkè bíi ti Mókọ́lá n'Ìbàdàn nìkan ni iná ti ń tàn, tó ń kú bí ẹ bá dé ilẹ̀ títẹ́jú, óìlì ti ń sún mọ́ MIN nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. A ra ìgò óìlì kan, a bù ú kún un, iná kú, a gba ọ̀nà tiwa lọ. Kò pẹ́, ó tún tàn. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Óìlì bíréèkì kì í jó tán bí epo. Inú páìpù tó dí pa ló ń gbé. Bó bá dín, ẹ béèrè ibi tó lọ.

Ó lè jẹ́ páàdì. Bí páàdì ṣe ń jẹ ni písítìnì inú kálípà ń yọ síwájú, óìlì á sì tẹ̀lé e láti dí àyè tó ṣí. Kò sí ohun tó jò. Ẹ yọjú wo páàdì láàárín ríìmù. Bó bá ku nǹkan bíi mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, óìlì náà yóò gòkè fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti kánjú bu óìlì kún ike yóò rí àbọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi páàdì tuntun sí i: písítìnì á padà sẹ́yìn, óìlì á tú jáde lẹ́nu ike, á sì bó ọ̀dà ibi tó bá dà sí.

Bí páàdì bá ṣì nípọn tí óìlì ń lọ, ó ń jò. Ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá ti ẹ̀yìn tó ń lo dúrọ́ọ̀mù. Ẹ wo hóòsì. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Másítà ló gbọ́n jù nínú wọn, torí ó lè jò sínú bústà kí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹsẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bó bá ń rọra rì, rọ́bà inú másítà ti kú. Bó bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Nínú méjèèjì, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Kí mẹkáníìkì wá bá a. Ẹlòmíì á ní, "Ó ṣáà ń dúró." Òótọ́ ni, torí ọ̀nà méjì ni wọ́n pín bíréèkì sí, bí ọ̀kan bá já, èkejì á ṣì mú un dúró, ṣùgbọ́n yóò sá jìnnà kó tó dúró. Ẹ má fi irú ìdúró bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Bí óìlì bá kún, tí páàdì nípọn, tí bíréèkì le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀, síbẹ̀ tí iná ò kú, ẹ yọ wáyà tó wọ ara ike óìlì yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí iná bá kú, ohun tó ń léfòó nínú ike ló ti bàjẹ́.

Óìlì tí ẹ ó rà, ẹ ka ohun tó wà lórí ìdérí ike. DOT 3 tàbí DOT 4 ló sábà máa ń jẹ́. DOT 5 kì í bá wọn gbé. Óìlì ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, ó ń mú kí rọ́bà wú ni. Ìgò tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́, tí mẹkáníìkì fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, ẹ dúpẹ́ kí ẹ má gbà á: óìlì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Èyí tó ti mumi lè hó ní 140°C, bó bá sì hó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ lọ láìrí nǹkan dì mú.

Àwọn kan ní kí rìwáyà kúkú yọ gílóòbù iná náà, kí ọkàn àwọn balẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nítorí irú wọn ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ pé kó yí kọ́kọ́rọ́ kó tó dá ẹ́ńjìnì sílẹ̀, kó fa háńbíréèkì sókè. Iná bíréèkì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ló dé, kó sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí jáàkì kó tó sọ̀rọ̀ owó.