Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó: kí òbí máa sanwó ilé ni, àbí kó ra ilé?

Bí ọmọ oníṣòwò bá wọ Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò ríbi sùn nínú ọgbà, Àgbowó tó dojú kọ géètì ni wọ́n sábà máa ń wá yàrá lọ. Yàtọ̀ sí owó ilé, owó ajẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì tún ń dúró dè wọ́n. Ibẹ̀ ni òbí mìíràn ti máa ń ní òun á kúkú ra ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ dígírì. Ẹni tó bá kó owó ọjà ra ilé nítorí ọdún mẹ́rin, kí ló fẹ́ fi ra ọjà mìíràn bí ti ṣọ́ọ̀bù bá tán? Búlọ́ọ̀kù ara ògiri kò ṣe é yọ tà.

Ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, kò sí kíláàsì. Ẹni tó ti sanwó ọdún kan sanwó yàrá òfìfo. Ṣùgbọ́n onílé tó gbójú lé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan náà kò lè rẹ́rìn-ín nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Owó tí òwò kò nílò ni kí wọ́n fi ra ilé, kó sì jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ tàbí oníṣòwò ọjà Bódìjà lè gbé tí ọmọ bá gboyè tán. Kí lọ́yà kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò: ilé tó ní C of O, Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà rẹ̀. Rìsíìtì onílé nìkan kò tó.